Aṣọ Ìda Nínú Atẹ́gùn

Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi bíi tèmi yìí, ohun tó máa ń rántí nípa ilé kì í sábà jẹ́ ohun ńlá. Ẹlòmíràn á máa rántí ojú ọ̀nà kan, ẹlòmíràn ohùn ìyá rẹ̀. Ní tèmi, ooru ni mo máa ń rántí: ooru yàrá kan tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀, níbi tí mo ti bá ọkùnrin kan jà kí n tó mọ orúkọ rẹ̀, tí mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó gbà fún ara mi pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ilé iṣẹ́ páálí ni. Páálí tí wọ́n ń kó ẹja tútù àti èso sí la ń ṣe níbẹ̀. Kí omi má baà rin ín kó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, a gbọ́dọ̀ fi ìda bò ó lára, bá a sì ṣe ń bò ó dùn ún wò. Ìda á yọ́ nínú àgbá ńlá kan lókè, á gba ojú tóóró tí wọ́n là sábẹ́ páìpù irin gígùn bọ́ sílẹ̀. Kì í kán tótótó. Odindi ló máa ń wálẹ̀, ó fẹ̀ tó ibi tí àgbàlagbà na apá méjèèjì dé, ó tín-ín-rín ju èékánná lọ, ó ń dán bí aṣọ tí wọ́n ta sójú fèrèsé. Aṣọ ìda la ń pè é. Páálí á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lórí bẹ́líìtì, á sì ti ní awọ tuntun kó tó dé òdìkejì. Ìda tó bá ṣẹ́ kù á dà sínú ọpọ́n irin nísàlẹ̀, pọ́ǹpù á tún fà á padà sókè.

Atẹ́gùn ni ọ̀tá aṣọ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn, tàbí tó tan fáànù, aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, á jó síwá, á jó sẹ́yìn, yóò sì fà ya. Páálí tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ lásìkò yẹn ti di ìdọ̀tí. Nítorí náà fèrèsé kì í ṣí, fáànù kì í yí, gbogbo wa á sì máa làágùn bí ẹni tí wọ́n ń bọ̀ nínú ìkòkò. Bàbá mi ni ọ̀gá yàrá náà. Bàbá Ẹ-tilẹ̀kùn làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó ní orúkọ náà dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà tilẹ̀kùn. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ nípa ẹ̀rọ ni mo ń ṣọ́ aṣọ ọ̀hún: bó ṣe ń wálẹ̀, bó ṣe nípọn tó, bí ìda ṣe gbóná tó. Wọ́n sọ èmi náà ní Ìyàwó Ìda, torí pé mo ti dá àwọn ọkùnrin mélòó kan padà, wọ́n sì ní ó hàn gbangba ẹni tí mo fẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

“Ẹ káàárọ̀ o,” ni ẹnì kan wí.

“Ẹ tilẹ̀kùn!” Gbogbo yàrá ló pariwo pọ̀.

Kò yé e. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ya fọ́tò òun. Aṣọ ìda gbọ̀n rìrì, ó fẹ̀gbẹ́ kan yọ, ó fẹ̀gbẹ́ kejì yọ, ó sì ya láti òkè délẹ̀. Mo sáré pa pọ́ǹpù, mo sì kọjú sí i.

“Ẹ̀gbọ́n, níbi tẹ́ ẹ ti wá, ṣé ilẹ̀kùn wọn kì í padé ni?”

Kò wo ojú mi. Ibi tí aṣọ ti ya ló ń wò, ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó rí wúrà he. “Ṣé ẹ rí bó ṣe mì kó tó ya? Ojú rẹ̀ méjèèjì ló jọ ń mì pọ̀, bí àsíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tàn ká tún rí i.”

“Ká tún rí kí ni?”

“Bó ṣe ń ya.”

Bàbá mi ti dé ẹ̀yìn mi. “Ta ni wèrè yìí?”

Wèrè náà ni ẹni tí olówó ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ pè. Ooru ti ń da àwọn òṣìṣẹ́ láàmú, obìnrin méjì ti dákú sídìí bẹ́líìtì, olówó sì ti ní dandan ni kí fáànù yí nínú yàrá yẹn. Ọkùnrin yìí ní òun lè fi iná mànàmáná di aṣọ ìda mú kí atẹ́gùn má lè fà á ya. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti sọ ọ́ ní Mànàmáná. Orúkọ náà ló jẹ́ dòní.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, a máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, lórí àwọn pákó tí wọ́n fi ń to ẹrù. Èmi kọ́ ni mo lọ jókòó tì í o. Òun ló wá jókòó tì mí, ó ní òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ̀bẹ̀ náà pẹ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò tíì bẹ̀ ẹ́ tán.

Ó sọ fún mi pé ìdí ẹ̀ńjìnnì lòun ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, epo ló máa ń jáde bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iṣẹ́ tòun sì ni pé kí òun fi atẹ́gùn àti mànàmáná fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, kó di ìkùukùu, kó lè jó dáadáa.

“Nítorí náà yíya lẹ mọ̀,” mo wí. “Ẹ ò mọ dídì mú.”

“Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́, ṣé kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ ni?”

“Olè náà mọ ilé, wọn kì í fi ṣọ́lé.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó wá fa bébà kan ya tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e sábẹ́ ètè, ó fẹ́ atẹ́gùn gba òkè rẹ̀ kọjá. Bébà tó rọ̀ wálẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbéra sókè. Èmi rò pé atẹ́gùn a máa ti nǹkan ni, mi ò mọ̀ pé a máa fà.

“Ohun tó ń sáré kì í ráyè tẹni mọ́lẹ̀,” ó wí. “Bí aṣọ ìda bá yọ ikùn bíńtín, atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ kọjá á sáré sí i. Tó bá ti ń sáré, kò ní lè ti ikùn yẹn padà wọlé. Ikùn á tún yọ sí i, atẹ́gùn á tún sáré sí i.”

“Bí ọmọ tí wọn ò bá wí nígbà tó kọ́kọ́ purọ́.”

“Gẹ́lẹ́ báyẹn! Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ sísọ?”

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí mi láìfi ọ̀wọ̀ kún un. “Ẹ” ló ti ń pè mí látọjọ́ tó ti dé. Mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì bá mi délé, ó bá mi jẹun, ó bá mi sùn.

Síbẹ̀ àyà mi ò balẹ̀. Nígbà tó bá ń wò mí nídìí ẹ̀rọ, mo máa ń bi ara mi pé, ṣé èmi ló ń wò ni àbí ìda tó wà lẹ́yìn mi? Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ ń tàn sí ohun tó ń ya, ó lè tàn sí mi lónìí torí pé mo jẹ́ ìṣòro tuntun. Bó bá yanjú mi tán ńkọ́? Mo pinnu pé màá yẹra fún un. Lọ́jọ́ kejì, mo tètè jáde lọ́sàn-án kí n lè rí ìjókòó tó dáa lórí pákó.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà, torí ìyá mi ò pẹ́ láyé. Aránṣọ ni, Màmá Aránṣọ sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Obìnrin tí abẹ́rẹ́ máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ títí, tí abẹ́rẹ́ náà kò sì ní kó má sọ̀rọ̀. Mànàmáná lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó bá òun gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Màmá ní òun ti ń retí rẹ̀, kí ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbé e dé, mo wà ní ibi ìdáná, mo ń fọ abọ́ kan náà lọ́pọ̀ ìgbà.

“Ẹ̀gbọ́n,” bàbá mi wí ní pálọ̀, “ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ yíya, kí ló fẹ́ fi ilé ṣe?”

“Ìwọ tí iṣẹ́ tìẹ jẹ́ títilẹ̀kùn, ṣé o ò bímọ ni?”

“Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, kódà nínú oorun ó máa ń ṣe é. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, aṣọ mi ló ya. Ẹ̀rín ló sì ń rín.”

“Inú ọmọ náà mọ́ ni. Kò pa ẹ̀rín mọ́.”

“Àti pé ta ni baba ẹ̀? Níbo ló ń gbé nígbà tí kò bá sí iṣẹ́? Lónìí ó wà níhìn-ín, lọ́la ẹ ó gbọ́ pé ó ti kọjá òkun.”

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti yí díẹ̀. Mo gbé abọ́ tí mo ń fọ̀ sílẹ̀.

Bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀: “Ó ní òun á fi mànàmáná di aṣọ ìda mú. Kó dì í mú ká rí i. Bó bá dì í mú, kó wá bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Bí kò bá sì dì í mú, kó má ṣe dé ìloro mi mọ́ láéláé.”

“Ṣé ọmọ lò ń fọ́kọ ni àbí ò ń ra ẹ̀rọ?”

“Ẹ ti gbọ́ mi.”

Mo ti gbọ́ ọ. Gbogbo ayé mi ti wá wà lórí ohun tí mo máa ń ṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí mo sì mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ bó ṣe rọrùn láti ya tó.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Mànàmáná ti so àwọn irin pẹlẹbẹ rọ̀, ìlà kan níwájú aṣọ ìda, ìlà kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, aṣọ wà láàárín. Ó ní bí iwájú ṣe ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn náà á máa fà, aṣọ á sì dúró gbọn-in. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sí ẹ̀bá ògiri. Bàbá mi dúró sí iwájú pátápátá, ó ká apá lérí àyà. Ó dé fìlà rẹ̀ tuntun, torí pé olówó ilé iṣẹ́ ní òun lè yọjú.

Wọ́n tan fáànù kékeré. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

“Tan mànàmáná,” ni bàbá mi wí.

Mànàmáná wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ súìṣì. Aṣọ ìda dúró bí ẹni tó fẹ́ ronú. Lẹ́yìn náà ó wú, ó gbọ̀n, ó sì tú ká ní gbogbo ibi lẹ́ẹ̀kan náà, ó di ìkùukùu funfun. Ìda tó bá ti gba iná mànàmáná sára a máa wá ibi tó máa sá sí, bàbá mi ló sì sún mọ́ jù. Kí n tó pa pọ́ǹpù, ó ti bò ó: fìlà, ojú, irùngbọ̀n, apá tó ká lérí àyà. Kò jó o rárá, torí ìda náà ti tutù nínú atẹ́gùn kó tó dé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ló gan mọ́ ọn lára. Bàbá mi dúró síbẹ̀ bí àbẹ́là ńlá.

Nígbà tó yá, obìnrin kan láti ẹ̀yìn wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé:

“Ẹ má ṣáná sí i o.”

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́run má bínú sí mi, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi fi ọwọ́ bó ìda kúrò lójú kan, ó fi ojú yẹn wo Mànàmáná.

“Ó tán,” ó wí, ó sì jáde. Ìda ń jábọ́ lára rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Wọ́n ní kí Mànàmáná má wọ yàrá ìda mọ́. Ó kù díẹ̀ kí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó wà ní ọ́fíìsì òkè níbi tí kò ti ní ohun tó ń ṣe. Ó rán Màmá Aránṣọ sí mi. Màmá jíṣẹ́ náà bí ẹni tó fẹ́ tutọ́ rẹ̀ dànù: Mànàmáná ní òun ti kó ìtìjú bá mi, kí n gbàgbé òun, kí n fẹ́ ẹni tí bàbá mi máa fẹ́ràn.

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sunkún. Ṣé bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn? Kó kọ́ èèyàn ní bí atẹ́gùn ṣe ń fani, kó wá dìde kó ní òun ń lọ? Mo sọ fún ara mi pé bàbá mi ló rí i dáadáa. Mo sọ ọ́ lójoojúmọ́ fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, kò sì wọ̀ mí létí.

Bàbá mi ní kí n tú àwọn irin náà kúrò lára ẹ̀rọ. Mo ń tú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ìpẹ̀kun apá ọ̀tún, irin kan ò sí níbi tí wọ́n so ó sí. Okùn rẹ̀ ti já, ó ti ṣubú lulẹ̀, ó sùn sí etí ọpọ́n ìsàlẹ̀, wáyà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, n ò sì lè gbé e mọ́. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo tẹ̀ kòrọ̀bà, torí ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí mi lójú.

Lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn ń wo bàbá mi, aṣọ ìda ni ojú tèmi kọ́kọ́ lọ, torí pé ibẹ̀ ni ojú mi ti mọ́ láti máa wà. Gbogbo rẹ̀ ló tú ká, àfi òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní apá ọ̀tún. Òpó yẹn dúró nínú atẹ́gùn bíi gíláàsì. Mo rí i. Mo rí i, mi ò sì bi í léèrè pé kí ló dé tó o fi dúró, torí ẹ̀rín ti gbà mí. Ibi tí irin ti ṣubú ló wà, irin náà sì ti ní láti ṣubú kí wọ́n tó tẹ súìṣì. Irin páìpù wà lókè níbi tí ìda ti ń jáde, irin tó ṣubú wà nísàlẹ̀ níbi tó ń bọ́ sí, ìlà ẹ̀yìn ò sì gùn dé ibẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tó kọjú sí i níwájú tàbí lẹ́yìn.

Ṣọ́ọ̀bù Màmá Aránṣọ la ti pàdé. Màmá ní òun ò lè gba ọkùnrin tí àbúrò òun lé sí ìta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rán ṣòkòtò, oníbàárà ni. Ó fi teèpù wọn ìbàdí Mànàmáná bá a ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tí ẹ fi gbé irin sí iwájú àti ẹ̀yìn?” mo bi í. Mi ò kí i.

“Kí wọ́n lè fà á dọ́gba. Bí èèyàn méjì bá di ẹnì kan mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ṣé ó lè ṣubú?”

“Gbé apá sókè,” ni Màmá wí.

“Bó bá wà láàárín gan-an, kò ní ṣubú. Tó bá wá fi bíńtín tẹ̀ sí ọ̀tún ńkọ́? Èyí tó sún mọ́ ọn á fà á ju èyí tó jìnnà lọ. Á tún tẹ̀ sí i, wọ́n á tún fà á sí i. Ṣé ẹ ti gbàgbé ikùn tó ń yọ? Atẹ́gùn ń fà á síta, mànàmáná náà tún ń fà á síta. Ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ wá olùgbèjà fún un, ọ̀tá kejì lẹ bá a wá.”

Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó gbé apá sókè bẹ́ẹ̀, kò rántí sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ọwọ́ mi,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Ọwọ́ mi ló ṣe é. Bí a ṣe ń to irin nídìí ẹ̀ńjìnnì nìyẹn, níbi tá a ti fẹ́ kó ya. Mo ní mo fẹ́ dì í mú, ọwọ́ mi sì to ohun tó mọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí mànàmáná gba orí rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òwú tí wọ́n di lókè, tí wọ́n di nísàlẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ tẹ̀, yóò máa fà á tọ́.” Mo sọ fún un nípa òpó tó dúró.

“O rí i? O fojú ara rẹ rí i?”

“Ojú tèmi ni.”

Ó jókòó lórí àga àwọn oníbàárà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín.

Màmá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ ń sọ látàárọ̀ yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá,” àwa méjèèjì jọ dáhùn, a sì wo ara wa.

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ní kí n gbàgbé yín?” mo bi í.

“Mo rò pé ojú tì ẹ́.”

“Ojú ò tì mí. Ẹ̀rín ni mo rín. Bẹ́ ẹ bá tún ránṣẹ́ irú ẹ̀ sí mi, màá fi ìda bò yín fúnra mi.”

Ó kù kí bàbá mi gbà láti tún wò ó. Mo lọ bá a níbi tó ti ń jẹun, mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Kí wọ́n tún fi mí ṣe àbẹ́là?”

“Ẹ ò ní dúró níbẹ̀. Èmi ni màá dúró sí ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Èmi ni mo ní kó to irin bó ṣe fẹ́ tò ó báyìí. Bó bá tú ká, èmi ni kó bò.”

Ó wò mí títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. “Nítorí ọkùnrin yẹn?”

“Nítorí rẹ̀. Àti nítorí pé mo mọ̀ pé yóò dúró.”

Màmá Aránṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wí pé: “Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọmọ rẹ ti gbé àáké. Kúrò lọ́nà tàbí kó o bá a gbé e.”

Lọ́jọ́ náà, mo lọ dúró síbi tí mo wí, iwájú pátápátá. Mànàmáná wà nídìí súìṣì, ètè rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ti fẹ́ tan fáànù nígbà tí ẹnì kan dì mí mú léjìká, tó fà mí sẹ́yìn bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo fẹ́ sáré kọjá títì. Bàbá mi ni. Ó dúró sí àyè mi, ó ká apá lérí àyà.

“Bó bá jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ gan lẹ́ẹ̀kejì, màá gan,” ó wí. “Mi ò lè dúró máa wo ọmọ mi kó gan. Ẹ tan fáànù. Èyí tó tóbi ni kẹ́ ẹ tàn.”

“Ọ̀gá, èyí tó tóbi ti pọ̀ jù,” ni Mànàmáná wí.

“Ṣé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kékeré lẹ fẹ́ máa tàn fún wọn ni?”

Fáànù ńlá gbé ohùn. Aṣọ ìda tẹ̀, ó jó, etí rẹ̀ ti ń ṣẹ́, mo sì rí ikùn tó fẹ́ yọ láàárín rẹ̀. Mànàmáná tẹ súìṣì.

Ikùn náà padà wọlé.

Mo rí i bó ṣe wọlé. Ó gbọ̀n bí ojú omi tí òkúta kan kọjá lórí rẹ̀, ó tẹ́, ó sì dúró. Fáànù ń ké, atẹ́gùn ń gbé bébà fò káàkiri yàrá, aṣọ ìda sì wà níbẹ̀, ó ń dán, ó mọ́ gaara, a ń rí ògiri òdìkejì láti ojú rẹ̀. Páálí ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí àbàwọ́n kankan lára wọn.

Obìnrin kan nínú àwọn tó ń to páálí na apá méjèèjì kí atẹ́gùn lè gba abíyá rẹ̀ wọlé. “Ẹ gbà mí, ara mi ń tutù!” Ni ariwo bá sọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra, ẹnì kan gbé Mànàmáná sókè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Bàbá mi ò pàtẹ́wọ́. Ó yí ojú sí fáànù, ó ṣí bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó di ojú, ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Òógùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ń gbẹ lọ́rùn rẹ̀.

“Ẹ ṣí fèrèsé,” ó wí.

Kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n rò pé etí àwọn ló ń dún.

“Mo ní ẹ ṣí fèrèsé! Gbogbo ẹ̀!”

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Mànàmáná mú ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá sílé wa. Ó wọ ṣòkòtò tí Màmá Aránṣọ wọn fún un. Ṣòkòtò náà fún mọ́ ọn níbàdí, torí kò dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Pálọ̀ wa kún. Bàbá mi jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó wá kọjú sí Mànàmáná.

“Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé wàá gbé e lọ sí ibi jíjìn?”

Mo rí i tí ìyá Mànàmáná ń fi ojú sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó ní rárá. Màmá Aránṣọ náà ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹríba.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Iṣẹ́ tí mo ń lọ ṣe, òkèèrè ló wà. Bí ọmọ yín bá gbà, a jọ ń lọ ni. Mi ò lè purọ́ fún yín.”

Bàbá mi mí kanlẹ̀.

“Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó o ti dé. Ẹ̀yin rò pé nítorí aṣọ ìda ni mo ṣe ń pariwo? Aṣọ ìda bá ya, a óò tún un dà. Òun nìkan ni mo ní.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó ní ooru ni. “Bó o bá ti ní rárá, tí mo sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà, mi ò ní dárí jì ẹ́ láéláé.”

Ó yí sí mi. Bàbá mi tó máa ń pàṣẹ, tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọdé. “Ọmọ mi, kí ni kí n sọ fún wọn?”

“Ẹ ní ẹ gbà, Bàbá.”

“Bí mi ò bá gbà ńkọ́?”

“Ẹ ó gbà lọ́la. Ojú yín ti gbà.”

Màmá Aránṣọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ìyá Mànàmáná tẹ̀ lé e, kí n tó mọ̀, bàbá mi fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sí i nírùngbọ̀n. Ó dìde, ó mú ọwọ́ ọkùnrin yẹn, ó fi sínú ọwọ́ mi, ó sì fi tirẹ̀ bò ó lórí, kò sì tètè gbé e kúrò.

A lọ lóòótọ́. A jìnnà ju bí mo ṣe rò lọ, a sì pẹ́ ju bí a ṣe ṣèlérí lọ. Bàbá mi wá kí wa, ó lo oṣù kan, ó bá gbogbo àdúgbò ṣọ̀rẹ́, ó padà sílé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì sùn sí ní ọjọ́ ogbó. Ilé náà ti di ti ẹlòmíràn báyìí. Nígbà míì mo máa ń ronú pé mi ò ní rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́, ọkàn mi á sì rọ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkùnrin kan ń pariwo ní yàrá kejì, ó ń bi mí pé ta ló gbé awò ojú òun. Látẹ̀yìnwá ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ ni awò náà wà. Ẹ jẹ́ kí n lọ yọ ọ́ fún un.